Ẹ̀rọ Tí Kò Bá Ilẹ̀kùn Mu

Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára ilẹ̀kùn náà. Ohun tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rí nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì gáréèjì, ó fi ìka tọ rọ́bà dúdú tí wọ́n fi bo etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Eruku nìkan ló bá ìka rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn yìí gan-an ni wọ́n ní àwọn ti fa Bàbá Aláago yọ láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ là, tí kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti wọlé, kó dá ẹni tó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ lójú pé òwú ń bọ̀ lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni òdìkejì rẹ̀: ó sanra, ó lóhùn, ó sì máa ń fẹ́ kí ẹjọ́ parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù.

"Ọ̀gá, èyí ò le rárá," Sájẹ́ǹtì sọ. "Oníṣẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní Onílẹ̀kùn ló jẹ̀bi. Àná ló gbé ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kọ́ ara ògiri, òní ni ilẹ̀kùn já lu bàbá. Mo ti tì í mọ́lé."

"Ta ló rí i nígbà tó já?"

"Ọkọ ọmọ bàbá. Ìṣojú ẹ̀ ni."

Abẹ́rẹ́ dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. Gáréèjì ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, ó lẹ̀ mọ́ ara ilé, ilẹ̀kùn kékeré kan sì já sínú ilé ìdáná. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tí ìyàwó bàbá fi sílẹ̀ kó tó kú ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀ ni tábìlì gígùn kan wà, níbi tí bàbá ti ń tún aago ọ̀rẹ́ ṣe láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n tẹ́ pákó sókè lábẹ́ àjà, wọ́n kó ẹrù ìyá tó kú sí i, débi pé ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀kùn máa kan ẹrù nígbà tó bá gòkè wọlé. Irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tó so mọ́ra wọn ni ilẹ̀kùn náà. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ funfun kan wà tó tóbi tó ìṣù búrẹ́dì méjì, tuntun, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Ó wò ó pẹ́. Ó wo òkè ilẹ̀kùn. Ó tún wo ẹ̀rọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ohun tí ojú ẹlẹ́rìí wa rí," ó sọ.

*

Ọkọ ọmọ jókòó ní pálọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó so táì.

"Aago méje ni, mà. Mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ní kí n bá òun tẹ rìmóòtù, kí òun lè wo bí ẹ̀rọ tuntun náà ṣe ń rìn. Wọ́n dúró sábẹ́ ilẹ̀kùn, èmi wà níta. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kùn hùùù, ilẹ̀kùn gòkè, ló bá já wálẹ̀ gbàgà, ó lu Bàbá mọ́lẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ?"

"Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn yín yìí."

"Ilẹ̀kùn gòkè dé ibo kó tó já?"

"Ó dé àyà mi báyìí." Ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i kí ẹ̀rọ yẹn ṣí i tẹ́lẹ̀?"

Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Onílẹ̀kùn fi hàn wá lánàá, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì gan-an, mo rí i pé ilẹ̀kùn ń wárìrì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kò kàn mí."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà àbọ̀ ló ti lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni. Ọ̀nà jìn."

Àlàyé rẹ̀ dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Abẹ́rẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì ní, "Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán."

"Ó mọ́lẹ̀ jù," Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Èmi bi í ní ìbéèrè kan, ó fi ènì sí i fún mi. Ẹni tó bá ń fún ọlọ́pàá ní ènì, ọjà rẹ̀ ni kó o yẹ̀ wò."

*

Aránṣọ tó ń gbé lódìkejì ọgbà kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ wọn lánàá, mà. Onílẹ̀kùn ló ń pariwo. Ó ní, 'Bàbá, ẹ máa kú! Ilẹ̀kùn yìí máa pa yín!' Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

"Ṣé ó ní òun máa pa wọ́n?"

Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró. "Ó ní... ilẹ̀kùn ló ní ó máa pa wọ́n."

"Ẹ ṣeun. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn fi ikú halẹ̀ mọ́ni, ọ̀tọ̀ ni kó kìlọ̀ ikú."

Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì kò tíì gbà. Ní àgọ́, ó gbé spánà gígùn kan sórí tábìlì, èyí tó bá nínú àpótí irinṣẹ́ Onílẹ̀kùn. Nǹkan pupa kan ti gbẹ mọ́ orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi èékánná ha á, ó gbé e sí imú.

"Ọ̀dà ni. Irú èyí tí wọ́n ń kùn sára irin kó má bàa dógùn-ún. Ẹ mú ọkùnrin náà wá."

Onílẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ọkùnrin kúkúrú ni, gíríìsì ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé ọṣẹ ti juwọ́ sílẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe ilẹ̀kùn, mà. Ilẹ̀kùn mi kò já lu adìẹ rí."

"Ẹ ṣàlàyé ẹ̀rọ yẹn fún mi bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan."

Ìbínú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, torí kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè iṣẹ́ òun. "Oríṣi méjì ni wọ́n, mà. Ọ̀kan ń gbé ara àjà, òun ló ń na apá mú ilẹ̀kùn, tó ń fà á. Ìyẹn ò lè sí nílé Bàbá nítorí pákó tó wà lókè. Èkejì ló ń gbé ara ògiri. Òun kì í fa ilẹ̀kùn rárá. Ọ̀pá irin kan ló ń yí, èyí tó máa ń dábùú òkè ilẹ̀kùn. Ọ̀pá yẹn ló ń ká wáyà tó ń gbé ilẹ̀kùn sókè. Tí kò bá sí ọ̀pá, ẹ̀rọ ara ògiri dà bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣéènì. Á máa wa ẹsẹ̀, kò ní kúrò lójú kan."

"Ṣé ọ̀pá wà lókè ilẹ̀kùn Bàbá?"

"Kò sí! Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni. Sípírìngì gígùn méjì tó ń gbé ìwúwo rẹ̀ ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí ilẹ̀kùn ń gbà. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ tí wọ́n rà kò bá ilẹ̀kùn wọn mu. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé ọ̀pá àti sípírìngì òkè ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, pé kí n ṣáà gbé ẹ̀rọ kọ́ dè é, kí n tan iná ẹ̀. Mo gbé e kọ́. Ló bá di pé kí n fi wáyà lásán so ó mọ́ ilẹ̀kùn títí di Ọjọ́ Ẹtì. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo. Wáyà yẹn á já, á gé èèyàn lọ́rùn."

"Ẹ so ó?"

"Mi ò so ó."

"Ọkọ ọmọ Bàbá ní ẹ fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ń ṣí i."

Onílẹ̀kùn wò ó, ó wo Sájẹ́ǹtì. "Mà, kí ni mo fẹ́ fi ṣí i? Àdúrà?"

Sájẹ́ǹtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. "Kò sí afurasí tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá."

"Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa bi ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀."

*

Kí wọ́n tó padà, dókítà pè. Bàbá wà láàyè, kò tíì lajú. Ọgbẹ́ náà wà lẹ́yìn orí, ó ṣe tóóró, ó jinlẹ̀ bí ẹni pé igun nǹkan ló wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà: aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ aláìsàn dé ilé náà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ gan-gan nínú irun bàbá.

"Ogún ìṣẹ́jú kọ́ ló máa gbẹ bẹ́ẹ̀," dókítà sọ. "Ẹ kà á sí wákàtí kan ó kéré tán."

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n padà sí ilé náà.

Ọmọ Bàbá ti dé láti ilé ìwòsàn, ó jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú ife tíì tí kò mu. Ojú rẹ̀ ti wú. Ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá, ó ní orí ń fọ́ òun.

"Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́," Abẹ́rẹ́ sọ. "Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Bàbá yín tún aago ṣe fún ogójì ọdún. Ẹni tó ń fi ojú wọn irin tí kò nípọn tó irun, báwo ló ṣe ra ẹ̀rọ láìwọn ilẹ̀kùn?"

"Bàbá mi?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Wọn kì í ra bọ́tìnnì láìwọ̀n. Ó wà nínú ìwé wọn."

Ó mú ìwé pélébé kan wá láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé kéékèèké: fífẹ̀ ilẹ̀kùn, gíga àjà, àyè tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri. Lẹ́yìn náà: *Sípírìngì ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pá kò sí. Bèèrè fún ọ̀pá, kí ẹ̀rọ tó lè bá a mu.*

"Wọ́n mọ̀," Sájẹ́ǹtì sọ jẹ́jẹ́.

Ìwé ìpolówó ẹ̀rọ náà wà láàárín ewé ìwé. Bàbá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré: pé ẹ̀rọ ara ògiri yìí máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, àti pé gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó máa kọ wákàtí rẹ̀ sí fóònù ẹni tó ni ín.

Abẹ́rẹ́ ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ló kún ibẹ̀. *Alẹ́ Ajé, 48,216. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, 48,247.* Ó gba ilẹ̀kùn kékeré wọ gáréèjì, ó lọ síbi ọkọ̀ búlúù, ó yọjú wo ibi tó ń ka kìlómítà. 48,247.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni, mà. Ojú Bàbá ti ń ṣú, wọ́n ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n sì ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi ní ọdún tó kọjá, torí eré àsápajúdé. Rélùwéè ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bàbá kàn ń tan ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyá mi."

"Ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wà á rin kìlómítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́."

Ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, Bàbá kọ ọ̀rọ̀ méjì: *Iná ọ̀tún?*

Abẹ́rẹ́ bọ́ síwájú ọkọ̀. Gíláàsì iná òsì ti pọ́n bí eyín arúgbó. Ti ọ̀tún mọ́ bí omi.

Sájẹ́ǹtì náà rí i. Ohùn ńlá rẹ̀ já sísàlẹ̀. "Ọ̀gá. Ọjọ́ Àìkú. Obìnrin aṣebúrẹ́dì yẹn."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà ní àgọ́. Ní ìdájí Ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ kan gbá obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Awakọ̀ kò dúró. Gbogbo ohun tí ọlọ́pàá rí ṣà kò ju àfọ́kù gíláàsì iná kan lọ, iná apá ọ̀tún.

Abẹ́rẹ́ ti tẹ̀ síwájú, ó wà nídìí tábìlì iṣẹ́. Ìyẹ̀fun bàbà wẹ́wẹ́ láti ara aago bo gbogbo orí tábìlì bí àtíkè, àfi igun kan. Ẹnì kan ti nu igun yẹn mọ́ tónítóní.

"Ẹ pe ọkọ yín wá," ó sọ fún ọmọ Bàbá. "Ẹ̀yin náà ẹ dúró."

*

Àwọn mẹ́rin ló dúró ní gáréèjì. Abẹ́rẹ́ na rìmóòtù sí ọkọ ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wa bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀."

"Mà, ó léwu. Ó ti pa Bàbá lára."

"Kò sẹ́ni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná funfun tàn lára ẹ̀rọ. Ó kùn hùùù, bó ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń yí òfìfo, ilẹ̀kùn dúró bí òkè.

"Ó... ó ti bàjẹ́ nígbà tó já ni."

"Kò tíì bàjẹ́. Wọn ò tíì so ó mọ́ nǹkan kan ni. Ẹ wo òkè ilẹ̀kùn, ọ̀pá tó yẹ kó máa yí kò sí níbẹ̀. Ọ̀túnla ló ń bọ̀. Bàbá gbé ẹ̀rọ yìí kọ́ kí ẹnì kan nínú ilé yìí lè rí i, kó sì gbà pé ó ń ṣọ́ òun. Ẹni náà sì gbà gbọ́. Ó gbà á gbọ́ débi pé ó fi í ṣe ẹlẹ́rìí."

Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan gbé ilẹ̀kùn sókè dé àyà, ó sì yọ ọwọ́ kúrò. Ilẹ̀kùn dúró síbẹ̀, kò já.

"Sípírìngì rẹ̀ le koko. Ilẹ̀kùn yìí kò lè fọ́ ẹyin. Ọwọ́ ni ẹ fi gbé e láàárọ̀ yìí, bí ẹ ṣe ń gbé e ní gbogbo ìdájí. Ìpayà kò jẹ́ kí ẹ bi ara yín pé báwo ni ẹ̀rọ tó ń tilẹ̀kùn ṣe jẹ́ kó ṣí."

Ọkọ ọmọ yíjú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ọlọ́pàá.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ẹ dá wọn lóhùn."

"Wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́," ó sọ. "Oṣù méjì sẹ́yìn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Mò ń fi ọkọ̀ ìyá gbé èrò lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní ìdájí, mo ń dá a padà kí ẹ tó jí. Mo rò pé màá tètè ríṣẹ́ míì. Obìnrin yẹn kàn yọ lójijì, kò ní iná lẹ́yìn kẹ̀kẹ́..." Ó wo ọkọ̀ búlúù. "Bàbá jókòó sínú òkùnkùn níbí láàárọ̀ yìí, wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí àgọ́, pé àwọn á dúró tì mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọjá. Mo tì wọ́n. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ṣubú lu igun tábìlì. Mo rò pé wọ́n ti kú."

"Aago mélòó?" Abẹ́rẹ́ bi í.

Ọkọ ọmọ bojú wo ilẹ̀.

"Kó tó di aago mẹ́fà," Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn fúnra rẹ̀. "Ẹ nu tábìlì, ẹ gbé Bàbá sábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ sì dúró kí ìyàwó yín lọ síbi iṣẹ́ kí ẹ tó pè wá."

Ọmọ Bàbá di tábìlì mú. "Mo jáde láàárọ̀ yìí. Mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú kọjá. Bàbá mi wà nílẹ̀ níbí?"

"Mo fẹ́ sọ fún ọ..."

"Táì yẹn ńkọ́? Táì tí mò ń lọ̀ ní gbogbo àárọ̀?" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, 'ẹ' ló máa ń fún ọkọ rẹ̀. Ní gáréèjì yẹn, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìwọ. Ìwọ jẹ́ kí n máa lọ̀ ọ́."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sọ́rùn, ó fẹ́ tú táì náà, ìka rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló bá a tú u, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

*

Wọ́n dá Onílẹ̀kùn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó gba spánà rẹ̀, ó bi Sájẹ́ǹtì bóyá ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà ń ṣí dáadáa nílé, Sájẹ́ǹtì sì gbà pé ohun tó tọ́ sí òun ni ẹ̀fẹ̀ yẹn.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Aláago lajú. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu bàbá.

"Obìnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn," ó sọ. "Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Bàbá," Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ilé ìwòsàn yìí náà ló wà."

Bàbá pa ojú dé, omi sì jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nu ún fún un. Ó jókòó díẹ̀ sí i, kó tó dìde wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Yàrá wo ni, mà?"

"Òkè yìí, bẹ́ẹ̀dì tó wà lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kẹ́ ẹ lọ, àbúrò. Ẹ̀yin kọ́ lẹ wa ọkọ̀."

"Mo mọ̀."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ. Obìnrin aṣebúrẹ́dì sùn gbọọrọ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí dé itan. Ó yí ojú sí i. "Ṣé olùtọ́jú tuntun ni?"

"Rárá, mà. Ọkọ mi ló wa ọkọ̀ tó gbá yín."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àgbọ̀n júwe àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Jókòó," ó sọ. "Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti fẹ́ bi ẹnì kan pé kí ló dé tí kò dúró."